J. L. B. Smith

James Leonard Brierley Smith (ọjọ́ 26, oṣù Kẹsàn-án, ọdún 1897 – oṣù Kínní, ọdún 1968), tí ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ sí J. L. B. Smith, jẹ́ onímọ̀ nípa ẹja, onímọ̀ kẹ́místrì àti olùkọ́ yunifásítì ọmọ orílẹ̀-èdè Gúúsù Áfríkà. Òun ni ó dá ẹja coelacanth mọ̀ ní ọdún 1939, tí ó sì fún un ní orúkọ ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ rẹ̀, Latimeria chalumnae. Ṣáájú àkókò náà, ohun tí àwọn onímọ̀ gbà ni pé irú ẹja bẹ́ẹ̀ ti parẹ́ kúrò láyé láti ìgbà tí àwọn ẹranko ńláńlá ayé àtijọ́ ti kú tán, ní nǹkan bí mílíọ̀nù 66 ọdún sẹ́yìn. Smith lo ọdún mẹ́rìnlá láti wá ẹja kejì, kí ó tó rí i ní erékùṣù Anjouan ní àwọn erékùṣù Kòmórò. Yàtọ̀ sí èyí, ó fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ ẹja òkun ìlà-oòrùn Áfríkà ní orúkọ, ó sì kọ ìwé ńlá lórí àwọn ẹja etíkun gúúsù Áfríkà.

Ìbí àti ìgbà èwe

Wọ́n bí Smith ní ìlú Graaff-Reinet, ní agbègbè gbígbẹ tí wọ́n ń pè ní Karoo, nígbà tí ilẹ̀ náà ṣì jẹ́ apá kan Cape Colony lábẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì. Ọ̀gá ilé ìfìwéránṣẹ́ ni bàbá rẹ̀. Iṣẹ́ bàbá yìí ni ó mú kí ọmọ náà lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ ní oríṣiríṣi ìlú kéékèèké. Ìlú tí wọ́n bí i sí jìnnà sí òkun, ṣùgbọ́n láti kékeré ni ó ti fẹ́ràn ìwọ̀ àti okùn ìpẹja, ìfẹ́ yìí kò sì kúrò lára rẹ̀ títí ó fi dàgbà.

Ní ọdún 1914, ó parí ẹ̀kọ́ gíga ní Diocesan College ní Cape Town. Láti ibẹ̀ ni ó ti lọ sí Stellenbosch, níbi tí ó ti kọ́ ẹ̀kọ́ kẹ́místrì. Ogun Àgbáyé Kìíní dá ẹ̀kọ́ rẹ̀ dúró fún ìgbà díẹ̀, nítorí ó wọṣẹ́ ológun, wọ́n sì rán an lọ sí ojú ogun ìlà-oòrùn Áfríkà. Ibà àti ìgbẹ́ ọ̀rìn kọ lù ú níbẹ̀, ara rẹ̀ kò sì le mọ́ bí ti tẹ́lẹ̀ láti ìgbà náà. Èyí wà lára ohun tí ó sọ ọ́ di ẹni tí ń ṣọ́ oúnjẹ jẹ, tí ó sì máa ń rin ìrìn gígùn lójoojúmọ́ kí ara rẹ̀ má baà dá a dúró. Lẹ́yìn ogun, ó gba oyè kejì ní Stellenbosch ní ọdún 1918, ó sì rékọjá sí Yunifásítì Cambridge ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí ó ti gba oyè ọ̀mọ̀wé nínú kẹ́místrì ní ọdún 1922.

Olùkọ́ kẹ́místrì tí ń ka ẹja

Nígbà tí Smith padà sí ilé, ó di olùkọ́ kẹ́místrì ní Rhodes University College ní ìlú Grahamstown, èyí tí a mọ̀ sí Makhanda lónìí. Iṣẹ́ kẹ́místrì ni wọ́n ń san owó oṣù fún un lé lórí. Ẹja jẹ́ iṣẹ́ tí ó ń ṣe ní alẹ́, ní òpin ọ̀sẹ̀ àti ní àkókò ìsinmi, tí kò sí ẹni tí ó bẹ̀ ẹ́ lọ́wẹ̀ rẹ̀. Ó ní ilé kan lẹ́bàá ọ̀sà Knysna, ibẹ̀ ni ó ti máa ń pẹja nígbà ìsinmi. Láìpẹ́, ó rí i pé àwọn ìwé tí ó wà nílẹ̀ kò tó láti fi dá gbogbo ẹja tí ó ń fà sókè mọ̀, nítorí náà ni ó ṣe bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ ara rẹ̀ ní ìmọ̀ náà. Láti ọdún 1931 ni ó ti ń tẹ àbájáde ìwádìí rẹ̀ lórí ẹja jáde.

Etíkun tí ó yàn láti kọ́ nípa rẹ̀ kò láfiwé. Ní ìwọ̀-oòrùn, omi tútù ni ó ń ṣàn gba ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀ náà kọjá lọ sí àríwá. Ní ìlà-oòrùn, omi gbígbóná tí a ń pè ní Agulhas ń ṣàn wá láti ọ̀nà Mòsámbíìkì, ó sì ń gbé àwọn ẹja ilẹ̀ olóoru wá sí gúúsù pẹ̀lú rẹ̀. Nítorí èyí, apẹja kan lè fa ẹja tí ilé rẹ̀ gan-an wà láàárín àpáta iyùn ilẹ̀ olóoru sókè ní etíkun tí òtútù ń mú. Smith mọ èyí dáadáa. Ó ń kọ̀wé sí àwọn apẹja, àwọn ọ̀gá ọkọ̀ ojú omi àti àwọn òṣìṣẹ́ mùsíọ́mù ní gbogbo etíkun, ó sì ń bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n fi ẹja tí ó bá ṣàjèjì sí wọn ránṣẹ́ sí òun. Lára àwọn tí ó ń bá a ṣiṣẹ́ lọ́nà báyìí ni Marjorie Courtenay-Latimer, ọ̀dọ́bìnrin tí ó ń bójú tó mùsíọ́mù kékeré ìlú East London.

Smith kọ́kọ́ gbéyàwó ní ọdún 1922. Ìgbéyàwó náà bí ọmọ mẹ́ta, ṣùgbọ́n ó túká ní ọdún 1937. Ní ọdún 1938, ó fẹ́ Margaret Mary Macdonald, ẹni tí ó ti jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ní Rhodes. Ọjọ́ kan náà nínú ọdún, ọjọ́ 26 oṣù Kẹsàn-án, ni ọjọ́ ìbí àwọn méjèèjì, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọdún mọ́kàndínlógún ni ọkọ fi ju ìyàwó lọ. Ọmọkùnrin kan ni wọ́n bí. Margaret kò kọ́ ẹ̀kọ́ ẹja ní ilé-ìwé, ṣùgbọ́n ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ́ bí a ti ń ya àwòrán ẹja, òun ni ó sì di alábàáṣiṣẹ́ ọkọ rẹ̀ nínú gbogbo ohun tí ó ṣe lẹ́yìn náà.

Ẹja ọdún 1938

Ní ọjọ́ 22, oṣù Kejìlá, ọdún 1938, ọkọ̀ ìpẹja Nerine, tí Hendrik Goosen jẹ́ olórí rẹ̀, wọ́ àwọ̀n rẹ̀ ní iwájú ẹnu odò Chalumna, ní nǹkan bí 70 mítà sísàlẹ̀ omi. Nínú ẹja tí àwọ̀n náà kó, ọ̀kan wà tí àwọ̀ rẹ̀ dàbí aró, tí ìpẹ́ rẹ̀ le bí ìhámọ́ra, tí lẹbẹ rẹ̀ sì yọ jáde lára rẹ̀ lórí kùkùté ẹlẹ́ran bí apá àti ẹsẹ̀ kékeré. Gígùn rẹ̀ tó mítà kan àbọ̀, ìwọ̀n rẹ̀ sì jẹ́ kìlógíráàmù 57. Nígbà tí ọkọ̀ gúnlẹ̀ ní East London, wọ́n pe Courtenay-Latimer gẹ́gẹ́ bí ìṣe wọn. Kò mọ irú ẹja tí ó jẹ́, ṣùgbọ́n ó mọ̀ pé òun kò rí irú rẹ̀ rí.

Ìgbà ẹ̀rùn ni oṣù Kejìlá ní ilẹ̀ náà, oòrùn sì ń mú. Ọ̀dọ́bìnrin náà fi takisí gbé ẹja tí ó ti ń rùn náà lọ sí mùsíọ́mù, bí awakọ̀ tilẹ̀ ń ráhùn. Olórí ìgbìmọ̀ mùsíọ́mù kò ka ẹja náà sí nǹkan kan. Ilé ìtọ́jú òkú kò gbà á, ilé ìkẹ́ran-sí-òtútù kò gbà á, fọ́málìnì tí ó wà ní ìlú kò sì tó láti fi pa gbogbo rẹ̀ mọ́. Nígbẹ̀yìn, ó gbé e fún ẹni tí ń fi awọ ẹran ṣe ère, kí ó bó awọ rẹ̀, kí ó sì kì í. Wọ́n da ìfun àti gbogbo ẹ̀yà inú rẹ̀ nù.

Ní ọjọ́ 23 oṣù náà, ó kọ lẹ́tà sí Smith, ó sì ya àwòrán ẹja náà sínú rẹ̀. Smith kò sí ní Grahamstown. Ó wà ní Knysna fún ìsinmi, ọjọ́ 3 oṣù Kínní ọdún 1939 ni lẹ́tà náà tó dé ọwọ́ rẹ̀. Bí ó ti wo àwòrán náà, ìrù rẹ̀ àti àwọn lẹbẹ ẹlẹ́ran náà rán an létí àwọn ẹja tí ó ti di òkúta, tí àwòrán wọn wà nínú àwọn ìwé nípa ayé àtijọ́. Coelacanth ni orúkọ tí a ń pe ìdílé ẹja bẹ́ẹ̀. Àwọn tí ó pẹ́ jùlọ nínú wọn ti wà láyé ní nǹkan bí mílíọ̀nù 400 ọdún sẹ́yìn. Smith fi tẹlígíráàmù ránṣẹ́ pé kí wọ́n tọ́jú egungun ẹja náà àti ẹ̀yà tí ó fi ń mí. Ìránṣẹ́ náà ti pẹ́ jù. Wọ́n wá àwọn ẹ̀yà inú náà lọ sí ibi tí a ń da ìdọ̀tí sí, wọn kò rí wọn.

Ọ̀sẹ̀ díẹ̀ tí ó tẹ̀ lé e le fún Smith. Bí ó bá kéde pé ẹja tí gbogbo ayé gbà pé ó ti kú tán ṣì wà láàyè, tí ó sì wá já sí irọ́, orúkọ tí ó fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ yóò bàjẹ́ ní ọjọ́ kan. Olùkọ́ kẹ́místrì ni lójú àwọn ọ̀gá ìmọ̀ ẹja ní Lọ́ńdọ̀nù. Wọn kò ní ṣòro láti rẹ́rìn-ín sí i. Ní ọjọ́ 16 oṣù Kejì ọdún 1939 ni ó tó lè dé East London. Ó wọ inú mùsíọ́mù, ó rí ẹja náà lórí tábìlì, iyèméjì rẹ̀ sì parí lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ní ọjọ́ 18 oṣù Kẹta, ìròyìn rẹ̀ jáde nínú ìwé ìròyìn ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ Nature ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ó fi apá kìíní orúkọ ẹja náà, Latimeria, bọlá fún Courtenay-Latimer, ó sì fi apá kejì, chalumnae, rántí odò tí wọ́n ti rí i nítòsí ẹnu rẹ̀.

Ọdún mẹ́rìnlá ìwákiri

Ìròyìn náà tàn ká gbogbo ayé, ṣùgbọ́n ohun pàtàkì kan ń jẹ Smith lọ́kàn. Awọ àti egungun díẹ̀ ni ó wà lọ́wọ́. Kò sí ẹni tí ó mọ bí ọkàn ẹja náà ti rí, bí ó ti ń mí, tàbí bí ó ti ń bímọ. Láìsí ẹja kejì tí ó pé, ìbéèrè wọ̀nyí kò ní ìdáhùn.

Ìbéèrè tí ó tún ṣe kókó ni ibi tí ilé ẹja náà wà. Àwọn onímọ̀ kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sọ pé ìsàlẹ̀ ibú òkun, níbi tí ènìyàn kò lè dé, ni yóò ti wá. Smith kò gbà. Ó wo ara ẹja náà gẹ́gẹ́ bí apẹja: ìpẹ́ tí ó nípọn, ara tí ó wúwo, ẹnu ńlá, lẹbẹ alágbára. Lójú rẹ̀, èyí kì í ṣe ara ẹja ibú, tí ó sábà máa ń rọ̀, bí kò ṣe ti ẹja tí ń ba níbùba láàárín àpáta kí ó tó fò mọ́ ohun tí yóò jẹ. Àwọ̀n tí ọkọ̀ ń wọ́ nílẹ̀ òkun kì í sì í gba àárín àpáta kọjá, nítorí yóò ya. Ìdí rẹ̀ nìyí tí àwọn ọkọ̀ ìpẹja ńlá kò fi í rí irú rẹ̀. Ó parí èrò rẹ̀ sí pé ẹja East London jẹ́ aṣákolọ tí omi gbé wá sí gúúsù, àti pé ibi àpáta kan ní òkun olóoru, ní apá àríwá, ni ìdílé rẹ̀ wà.

Ogun Àgbáyé Kejì dá ìwákiri náà dúró. Lẹ́yìn ogun, ní ọdún 1946, Smith rí owó ìrànwọ́ ìwádìí gbà, ó sì fi iṣẹ́ kẹ́místrì sílẹ̀ láti dojú kọ ẹja nìkan ní Rhodes. Òun àti Margaret rin ìrìn-àjò lọ sí etíkun Mòsámbíìkì, Tànsáníà, Kẹ́ńyà àti Sànsíbà lọ́pọ̀ ìgbà. Wọ́n ń sùn sínú àgọ́ àti sínú ọkọ̀ ojú omi, wọ́n ń kó ẹja ní ọjọ́, Margaret sì ń yà wọ́n kí àwọ̀ wọn tó ṣá. Nínú àpáta iyùn tí àwọ̀n kò lè wọ̀, ẹ̀tù tí ń bú gbàù ni Smith fi ń pa ẹja kó jọ. Àṣà yìí wọ́pọ̀ láàárín àwọn onímọ̀ ìgbà náà, ṣùgbọ́n ó ń ba ibùgbé ẹja jẹ́, òfin ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ló sì lòdì sí i lónìí.

Smith tún tẹ ìwé pélébé kan tí àwòrán coelacanth wà lórí rẹ̀, ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, Faransé àti Pọtogí. Ó ṣèlérí £100 fún ẹni tí ó bá rí ọ̀kan. Owó ńlá ni èyí fún apẹja ọlọ́kọ̀ kékeré nígbà náà. Ní ọdún 1952, ní Sànsíbà, ọkùnrin ará Gẹ̀ẹ́sì kan tí ń jẹ́ Eric Hunt, tí ó ní ọkọ̀ ojú omi tí ó fi ń ṣòwò láàárín àwọn erékùṣù, pàdé tọkọtaya náà. Ó gba àwọn ìwé náà, ó sì kó wọn lọ sí Kòmórò, ibi tí Smith fúnra rẹ̀ kò tíì dé.

Ẹja Anjouan

Àwọn erékùṣù Kòmórò wà láàárín Mòsámbíìkì àti Màdágáskà, abẹ́ ìjọba Faransé ni wọ́n sì wà nígbà náà. Òkè oníná ni ó gbé wọn jáde láti inú òkun, nítorí náà etí wọn dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ wọ inú ibú, àpáta abẹ́ omi wọn sì kún fún ihò. Àwọn apẹja ibẹ̀ máa ń tukọ̀ jáde lóru, wọ́n á sì ju okùn gígùn sínú ibú. Lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ẹja ńlá kan tí wọ́n ń pè ní gombessa máa ń gbé ìwọ̀ wọn mì. Ọ̀rá ara rẹ̀ pọ̀, adùn rẹ̀ kò tó nǹkan, wọn kì í sì í dunnú sí i. Ohun tí ayé ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ ń wá kiri ti ní orúkọ lẹ́nu àwọn apẹja Kòmórò tipẹ́tipẹ́.

Ní ọjọ́ 20 oṣù Kejìlá ọdún 1952, apẹja kan tí ń jẹ́ Ahamadi Abdallah fa ọ̀kan sókè nítòsí Domoni ní erékùṣù Anjouan. Nígbà tí ó gbé e lọ sí ọjà, olùkọ́ ilé-ìwé kan, Affane Mohamed, rí i, ó sì rántí ìwé pélébé tí ó ní àwòrán. Ó dá wọn dúró kí wọ́n tó gé e. Wọ́n ru ẹja náà la àárín erékùṣù tí òkè pọ̀ sí kọjá, títí wọ́n fi dé Mutsamudu, níbi tí ọkọ̀ Hunt wà. Hunt fi iyọ̀ sí i lára, ó gbé e lọ sí Dzaoudzi ní erékùṣù Mayotte, ó rí fọ́málìnì níbẹ̀, ó sì fi tẹlígíráàmù ránṣẹ́ sí Smith.

Smith wà nínú ọkọ̀ Dunnottar Castle tí ó ń gbé e bọ̀ láti ìlà-oòrùn Áfríkà nígbà tí ìròyìn náà bá a ní Durban, ní ọ̀sán ọjọ́ tí ó ṣáájú Kérésìmesì. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ọdún 1938 fẹ́ tún ṣẹlẹ̀: òkú ẹja wà nínú oòrùn ilẹ̀ olóoru, fọ́málìnì kò tó, àwọn aláṣẹ Faransé sì lè gbà á bí kò bá tètè dé. Kò sí ọkọ̀ òfurufú tí ń lọ sí Kòmórò. Gbogbo ọ́fíìsì ìjọba ti tì fún ọdún. Lẹ́yìn tí ó ti pe ọ̀pọ̀ ènìyàn lórí tẹlifóònù láìrí ojútùú, ó bẹ̀bẹ̀ dé ọ̀dọ̀ D. F. Malan, olórí ìjọba, tí ó wà ní ibi ìsinmi rẹ̀ lẹ́bàá Cape Town.

Malan ti jẹ́ oníwàásù ìjọ kí ó tó di olóṣèlú, kò sì sí ìdí tí ìtàn ìyípadà ẹ̀dá láti ayé àtijọ́ fi yẹ kí ó wù ú. Òun náà ni olórí ìjọba tí ó fi òfin ìyàsọ́tọ̀ àwọn ẹ̀yà ènìyàn lélẹ̀ láti ọdún 1948. Síbẹ̀, ó mọ ìwé tí Smith kọ lórí ẹja, ó sì pàṣẹ pé kí àwọn ológun òfurufú fún un ní ọkọ̀ Dakota kan. Ní ọjọ́ 28 oṣù Kejìlá, ọkọ̀ náà gbéra ní Durban. Ó gba Mòsámbíìkì kọjá, ó sì balẹ̀ sórí pápá kékeré kan ní Mayotte ní ọjọ́ kejì. Hunt mú Smith lọ sínú ọkọ̀ ojú omi rẹ̀, níbi tí àpótí kan wà tí wọ́n fi òwú bo ohun tí ó wà nínú rẹ̀. Nígbà tí wọ́n ṣí òwú náà, Smith rí ẹja tí ó ti wá fún ọdún mẹ́rìnlá, omijé sì bọ́ lójú rẹ̀. Kò jẹ́ kí ilẹ̀ ọjọ́ náà ṣú kí ó tó gbé e kúrò ní erékùṣù náà.

Lẹbẹ kan kò sí lẹ́yìn ẹja yìí, èyí sì mú kí Smith rò pé ẹ̀yà mìíràn ni. Ó pè é ní Malania anjouanae, láti fi bọlá fún Malan àti fún erékùṣù náà. Orúkọ yìí kò dúró. Ìwádìí lẹ́yìn náà fi hàn pé ọgbẹ́ àtijọ́ ni ó mú lẹbẹ náà kúrò, ẹ̀yà kan náà pẹ̀lú ti East London sì ni. Báyìí ni ó ṣe jẹ́ pé orúkọ obìnrin mùsíọ́mù ni ó dúró, tí ti olórí ìjọba sì kọjá lọ.

Ayọ̀ Smith ní ìbànújẹ́ tirẹ̀ nínú. Kò dùn mọ́ ìjọba Faransé pé àjèjì ti gbé irú ohun bẹ́ẹ̀ jáde kúrò ní ilẹ̀ tí ó wà lábẹ́ wọn, wọ́n sì fi òfin de ìwádìí àwọn ará òde. Láti ọdún 1953, ọwọ́ àwọn onímọ̀ Faransé, tí Jacques Millot jẹ́ olórí wọn, ni àwọn ẹja tí wọ́n tún ń rí ń lọ. Àwọn ni wọ́n kọ ìwé kíkún lórí ẹ̀yà ara coelacanth. Ẹni tí ó ṣí ilẹ̀kùn kò rí ààyè wọlé. Ní ọdún 1956, òkun gbé Hunt lọ nígbà tí ọkọ̀ rẹ̀ rì.

Àwọn ìwé rẹ̀

Ìwé Smith tí àwọn onímọ̀ lò jùlọ ni The Sea Fishes of Southern Africa, tí ó jáde ní ọdún 1949. Ó ṣàpèjúwe ẹja tí ó ju 1,000 lọ, pẹ̀lú àwòrán aláwọ̀ mèremère, èyí tí ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ iṣẹ́ ọwọ́ Margaret. Àwọn apẹja lásán náà rà á, nítorí ó kọ ọ́ lọ́nà tí ẹni tí kò lọ sí yunifásítì lè fi mọ ohun tí ó wà lórí ìwọ̀ rẹ̀. Ní ọdún 1956, ó tẹ Old Fourlegs jáde, ìtàn bí wọ́n ti rí coelacanth, ìwé náà sì di èyí tí wọ́n túmọ̀ sí ọ̀pọ̀ èdè. Ní ọdún 1963, òun àti Margaret tẹ ìwé kan jáde lórí àwọn ẹja Seychelles. Ó tún kọ àwọn ìwé ẹ̀kọ́ kẹ́místrì fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́.

Ikú rẹ̀

Smith ṣiṣẹ́ títí di òpin ayé rẹ̀, pẹ̀lú ara tí kò fún un ní ìsinmi láti ìgbà ogun. Ó pa ara rẹ̀ ní Grahamstown ní oṣù Kínní ọdún 1968, nígbà tí ó jẹ́ ẹni àádọ́rin ọdún.

Ohun tí ó ti hàn lẹ́yìn rẹ̀

Kò pẹ́ tí ó kú ni wọ́n dá ilé ìwádìí ẹja sílẹ̀ ní orúkọ rẹ̀ ní Grahamstown, Margaret sì di olùdarí rẹ̀ àkọ́kọ́. Òun àti Phillip Heemstra ni wọ́n ṣe olóòtú Smiths' Sea Fishes, ìwé tí ó rọ́pò ti ọdún 1949, tí ó sì jáde ní ọdún 1986. Margaret kú ní ọdún 1987. Láti ọdún 2001, ilé ìwádìí náà ń jẹ́ South African Institute for Aquatic Biodiversity.

Púpọ̀ nínú ohun tí Smith rò nípa ẹja rẹ̀ ti di ohun tí a fi ojú rí. Ní ọdún 1987, Hans Fricke, onímọ̀ ará Jámánì, wọ ọkọ̀ kékeré abẹ́ omi lọ sí ìsàlẹ̀ òkun Grande Comore, ó sì rí àwọn coelacanth láàyè ní ibùgbé wọn. Ní ọ̀sán, wọ́n máa ń kó ara wọn jọ sínú ihò àpáta tí òkè oníná dá sílẹ̀, ní ibi tí ó jìn ju 150 mítà lọ. Ní alẹ́, wọ́n á jáde lọ dọdẹ ní ẹ̀bá gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ àpáta. Smith jàre: ẹja àpáta ni, kì í ṣe ẹja ìsàlẹ̀ ibú. Ṣùgbọ́n ó ṣìnà ní ohun kan. Ẹja náà kì í fi lẹbẹ rẹ̀ rìn nílẹ̀ òkun bí ó ti rò, àní bí lẹbẹ wọ̀nyí tilẹ̀ ń tẹ̀ lé ara wọn bí ẹsẹ̀ ẹranko ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin bí ó ti ń lúwẹ̀ẹ́. Ìwádìí lórí àbùdá rẹ̀, tí ó jáde ní ọdún 2013, sì fi hàn pé ẹja tí ó ní ẹ̀dọ̀fóró, irú èyí tí ó wà nínú àwọn odò Áfríkà, ni ó sún mọ́ àwọn ẹ̀dá orí ilẹ̀ jù ú lọ.

Ìbéèrè nípa ìbímọ rẹ̀ rí ìdáhùn ní ọdún 1975, nígbà tí wọ́n la abo coelacanth kan ní mùsíọ́mù New York, tí wọ́n sì bá ọmọ márùn-ún tí ó ti pé ní inú rẹ̀. Kì í yé ẹyin sínú omi. Ọmọ ààyè ni ó ń bí. Ní ọdún 1998, àwọn onímọ̀ gbọ́ nípa ẹ̀yà kejì, Latimeria menadoensis, tí apẹja fà sókè ní Sulawesi ní Indonéṣíà. Ní ọdún 2000, àwọn òmùwẹ̀ rí coelacanth ní Sodwana Bay, ní etíkun Gúúsù Áfríkà fúnra rẹ̀, níbi tí ó jìn ju 100 mítà lọ. Ilé tí Smith wá dé Kòmórò ní ẹ̀ka ní orílẹ̀-èdè tirẹ̀.

Lónìí, Latimeria chalumnae wà lára àwọn ẹ̀dá tí ó wà nínú ewu ìparun tí ó ga jùlọ, òfin àgbáyé sì ti fòfin de òwò rẹ̀. Iye rẹ̀ kéré, ó ń pẹ́ kí ó tó dàgbà, ọmọ tí ó ń bí kò pọ̀, ìwọ̀ àti àwọ̀n ibú tí a fẹ́ fi mú ẹja mìíràn sì ń pa á. Ẹja àkọ́kọ́, èyí tí takisí gbé nínú oòrùn oṣù Kejìlá, ṣì wà nínú mùsíọ́mù East London.